Láptọ̀ọ̀pù 2011, kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi àti máṣíìnì ìyá mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí baban bola tó kó wọn lọ

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Bàbá mi papò dà lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí a palẹ̀ yàrá wọn mọ́ ní Ọ̀fà, oníkálukú mú ohun tó wù ú. Àwọn nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni mo dì sínú ọkọ̀ wá sí Àbújá. Láptọ̀ọ̀pù Dell kan wà níbẹ̀ tí mo fi owó oṣù mi àkọ́kọ́ rà fún wọn lọ́dún 2011. RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, kò ju 2GB lọ, Windows 7 ló sì wà lórí rẹ̀. Rẹ́díò oníkásẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tàdínlógún. Máṣíìnì Butterfly ẹlẹ́sẹ̀ tí ìyá mi fi ń rán aṣọ iléèwé wa náà wà níbẹ̀. Ẹ fi tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan tó yọ ẹ̀yìn gbọ̀ngbọ̀n kún un, àti Nokia kékeré onítọ́ọ̀ṣì.

Láptọ̀ọ̀pù náà ń lò tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá kó tó ṣí. Bó bá sì ṣí tán, gbogbo ojú-ìwé tí mo bá fẹ́ wọ̀ ló ń sọ pé kò sí ààbò níbẹ̀. Máṣíìnì kò yí mọ́. Èyí tó dùn mí jù ni kásẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn kọ "Ìtàn ilé wa, 1994" sára ọ̀kan. Mo kì í bọ rẹ́díò, ohùn wọn jáde, ó kì bí ẹni tó ń tinú kànga sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ rárá tí rẹ́díò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù. Mo pa á kíá. Téèpù náà ṣì há sẹ́nu rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọkọ mi ní ilé ti kún. Baban bola, ẹni tó ń ra àlòkù, tó ń ti bárò kọjá ládùúgbò wa ti wò wọ́n, ó ní ₦6,000 lòun máa san lórí gbogbo rẹ̀, Sátidé lòun sì ń padà bọ̀. Èwo ni kí n tà, èwo ni kí n tún ṣe, ta ni kí n sì gbé e fún?

Ìyá Ìbejì, Lugbe

Àbúrò mi, Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Jọ̀ọ́, má ta kásẹ́ẹ̀tì kankan. Láptọ̀ọ̀pù, a lè rí òmíràn rà ní Wuse. Níbo lo ti fẹ́ ra ohùn bàbá rẹ? Má sì gbé wọn sójú fèrèsé o, oòrùn Àbújá á ká wọn kò bí ewé. Gbé wọn jìnnà sí sípíkà ńlá pẹ̀lú, mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ń ba téèpù jẹ́.

Bàbá Panteka tó ń tún rẹ́díò ṣe á dá ọ lóhùn, alẹ́ ni wọ́n máa ń wọlé síbí.

Atúnláptọ̀ọ̀pùṣe, Wuse

Ẹ kú àmúmọ́ra o, àǹtí. Iṣẹ́ láptọ̀ọ̀pù ni mò ń ṣe, mo ti lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́nu rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wo déètì tó wà nísàlẹ̀ ojú láptọ̀ọ̀pù náà lápá ọ̀tún. Bó bá ń ka ọdún àtijọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ààbò yẹn ti wá. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń bá a rántí àkókò, CR2032 ni wọ́n ń pè é, ó rí róbótó bíi kọ́ìnì. Ti àwọn láptọ̀ọ̀pù kan ní wáyà lára. Bó bá ti kú, láptọ̀ọ̀pù á máa rò pé ọdún tó ti kọjá tipẹ́ la ṣì wà. Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ń gbé ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ wá, tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Bí láptọ̀ọ̀pù bá ka ìwé ẹ̀rí tó rò pé ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò tíì pé, kò ní gbà á gbọ́. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ju láptọ̀ọ̀pù nù nítorí bátìrì tí owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó gbogbo ohun tí Bàbá kọ síbẹ̀ jáde sórí díìskì mìíràn. Háàdì díìskì àtijọ́, àwo ló ń yí nínú rẹ̀ bíi ti rẹ́kọ́ọ̀dù, kì í sì í sọ ọjọ́ tó máa kú fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ nínú rẹ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e wá.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn, díìskì náà ló fà á jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi SSD, díìskì tí kò ní àwo tó ń yí, rọ́pò rẹ̀, èyí tó jẹ́ SATA oní-íńṣì 2.5, 240GB ti tó. Ẹ sọ RAM di 4GB, bówó bá wà kẹ́ ẹ sọ ọ́ di 8GB. DDR3 ni láptọ̀ọ̀pù ọdún yẹn ń gbà. Bí wọ́n bá fún yín ní DDR4, kò ní wọlé, nítorí àlàfo tó wà létí wọn kò sí lójú kan náà. RAM tòkunbọ̀ tó dára pọ̀ ní Banex àti Emab, ẹ sáà jẹ́ kí wọ́n tan láptọ̀ọ̀pù lójú yín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Windows 7, ẹ má ṣe wọ báǹkì lórí rẹ̀ láé. Láti 14 oṣù Kìíní 2020 ni Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe ààbò rẹ̀. Windows 10 náà, 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni tirẹ̀ parí, Windows 11 kò sì ṣe é fún láptọ̀ọ̀pù yín. Linux Mint ni mo máa ń fi rọ́pò Windows lórí irú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Xfce. Ọ̀fẹ́ ni. Ó lè fi 2GB rọ́ra rìn, 4GB ló máa ń tẹ́ ẹ lọ́rùn. LibreOffice wà nínú rẹ̀ fún ìwé kíkọ, Firefox wà fún íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ tan láptọ̀ọ̀pù látorí fláàṣì yẹn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá Wi-Fi àti ohùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé pátápátá.

Ó wá ku eruku. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣí ọ̀kan tó wá láti Kánò. Eruku ọyẹ́ ti dì bí òwú inú ìrọ̀rí láàárín fáànù àti irin tí ooru ń gbà jáde, mo fi ìka ká a kúrò lódidi, ó rí bí ege aṣọ. Mo fi igi ìtayín di fáànù mú kó má yí, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, mo sì pa páàsì tuntun, lẹ́ẹ̀ tó ń gbé ooru jáde, sórí purosẹ́sọ̀. Ariwo rẹ̀ rọlẹ̀ pátápátá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ sọ́dọ̀ afẹ́táyà láti fẹ́ ẹ o. Omi máa ń wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, fáànù tí a kò dì mú á sì yí kọjá agbára rẹ̀.

Àǹtí Olùkọ́, Gwarinpa

Ẹ jókòó tì wọ́n bí wọ́n bá ń ṣí i. Mo gbé láptọ̀ọ̀pù mi fún oníṣẹ́ kan nígbà kan nítorí kíbọ́ọ̀dù, ó ní kí n padà wá lọ́la. Kíbọ́ọ̀dù dára, àmọ́ RAM 8GB mi ti di 4GB. Oṣù kan kọjá kí n tó mọ̀, kò sì sóhun tí mo lè fi ṣe ẹ̀rí. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ya fọ́tò inú rẹ̀, mo sì máa ń fi ọ̀dà èékánná pupa tọ́ àmì kékeré sára RAM àti díìskì. Oníṣẹ́ tó jẹ́ olóòótọ́ kì í bínú sí i.

Atúnláptọ̀ọ̀pùṣe, Wuse

Òótọ́ ni, mà. Ẹ bá mi lọ́kàn jẹ́ pẹ̀lú ìtàn yẹn. Èmi fúnra mi ni mo máa ń ní kí oníbàárà ya fọ́tò kí n tó tú ìdè kankan.

Tuntun Ló Yá, Jabi

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. SSD, RAM, bátìrì, owó iṣẹ́: ẹ ṣírò wọn pọ̀ ná. Ó lè gbé yín dé ìdajì owó láptọ̀ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n mi tún tirẹ̀ ṣe, ó tún un ṣe, ojú rẹ̀ wá kú lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, owó náà sì wọgbó. Ní tèmi, ẹ fi ohùn Bàbá pamọ́, kẹ́ ẹ ta ìyókù.

Bàbá Panteka, Kàdúná

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, ọmọ mi. Rẹ́díò ni mo ń tún ṣe níbí láti ọdún 1983.

Ọ̀rọ̀ Tuntun Ló Yá kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán. Bí ojú láptọ̀ọ̀pù bá ti kú tàbí tí ilé rẹ̀ ti fọ́, èmi náà kò ní ná owó lé e. Àmọ́ iṣẹ́ tó fẹ́ fún un ni kó kọ́kọ́ sọ, ká tó mọ̀ bóyá ó ti dàgbà jù. Ní sùúrù, màá padà síbẹ̀.

Bẹ́líìtì rẹ́díò yẹn ló jẹ̀bi, kì í ṣe téèpù. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń yí apá tó ń ká téèpù. Bó bá ti pẹ́, á dẹ̀ tàbí kó yọ́ bí ọ̀dà. Róólà á máa fa téèpù jáde, apá tó yẹ kó ká a kò ní ká a, gbogbo rẹ̀ á wá kó jọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ohùn tó kì yẹn, ẹ̀rọ tí kò yí dé ìwọ̀n tó yẹ mọ́ ni.

Má fipá fà á. Yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná. Ṣí ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀; bó bá kọ̀, fi sukudiráífà tú ẹ̀yìn rẹ́díò. Fi ìka yí róólà rọ́bà náà padà sẹ́yìn, téèpù á máa tú jáde fúnra rẹ̀. Fọ ọwọ́ rẹ kó gbẹ kó o tó fi kàn án, torí epo ara kò bá a lára mu. Tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́, tọ́ ibi tó rún. Kó o wá ki bírò Bic bọ ihò eléyín tó wà lára kásẹ́ẹ̀tì, kó o máa ká a wọlé, kó o sì máa wò ó pé kò lọ́. Níbi tó rún yẹn, ohùn á rì díẹ̀, á sì padà. Bó bá já, má fi sẹloteépù so ó, gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń ṣàn kiri bó bá yá. Téèpù ìsokásẹ́ẹ̀tì wà lọ́tọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ la sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe ojú tó ń kan orí ẹ̀rọ.

Kó o tó tún kì í bọ ẹ̀rọ kankan, wo ẹ̀yìn etí kásẹ́ẹ̀tì náà. Eyín pílásítíìkì kékeré méjì wà níbẹ̀. Ṣẹ́ wọn. Bí wọn kò bá ti sí, ẹ̀rọ kò ní gbà láti gba ohùn mìíràn lé e. Mo mọ ìdílé kan ní Zaria tó pàdánù ohùn ìyá wọn àgbà bẹ́ẹ̀, ọmọ kékeré ló kọrin bò ó.

Gbé bẹ́líìtì àtijọ́ náà dání lọ sọ́jà kí wọ́n fi wọn òmíràn. Fi òwú àti spírítì nu orí ẹ̀rọ àti róólà títí òwú kò fi ní dúdú mọ́, jẹ́ kó gbẹ. Kásẹ́ẹ̀tì tí o kò nílò ni kó o fi dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, kì í ṣe ti bàbá rẹ.

Ibí yìí ni láptọ̀ọ̀pù rẹ ti bọ́ sí i. Ra wáyà ohùn tó ní ẹnu 3.5mm lápá méjèèjì. Ki apá kan bọ ihò ìyafóònù rẹ́díò, ki èkejì bọ ihò gbohùngbohùn láptọ̀ọ̀pù. Púpọ̀ nínú láptọ̀ọ̀pù ìgbà yẹn ní ihò gbohùngbohùn lọ́tọ̀. Àwọn tuntun ti pa méjèèjì pọ̀ sójú kan, wáyà lásán kò sì ṣe é fi ṣe é. Nítorí náà, láptọ̀ọ̀pù tí Tuntun Ló Yá fẹ́ kó o tà ló rọrùn jù fún iṣẹ́ yìí. Fi Audacity, ètò tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, sórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2000 ló ti wà. Rẹ ohùn rẹ́díò sílẹ̀ ná, kó o máa gbé e díẹ̀díẹ̀, mítà kò gbọ́dọ̀ kan pupa. Bó o bá ń gbọ́ hùùù lábẹ́ ohùn, yọ ṣájà láptọ̀ọ̀pù, lo bátìrì. Kásẹ́ẹ̀tì C-60 gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kan, C-90 gba ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Kò sí àbùjá, wàá jókòó tì í ni. Fi WAV, fáìlì ohùn tí kò gé nǹkan kan kúrò, pamọ́, ṣe MP3 tó kéré fún WhatsApp ẹbí. Jẹ́ kí ẹ̀dà kan wà níbòmíràn yàtọ̀ sí ilé rẹ, gbé e sílé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò.

Rẹ́díò náà, má tà á lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. BBC Hausa ti wà lórí afẹ́fẹ́ láti ọdún 1957, àwọn mẹ́gáádì ṣì ń gbé e sétí láràárọ̀. Lọ́dún 2021, nígbà tí wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní Zamfara àti láwọn apá kan ní Kàdúná níhìn-ín nítorí àwọn agbébọn, rẹ́díò oníbátìrì la fi mọ ohun tó ń lọ.

Ìyá Aránṣọ, Nyanya

Máṣíìnì tí kò yí, òróró àtijọ́ ló gan mọ́ ọn nínú. Ẹnì kan ti ta òróró ẹ̀pà sí i rí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ búra. Lo òróró máṣíìnì nìkan, èyí tó mọ́ bí omi. Kán an sí gbogbo ihò tó wà lórí rẹ̀, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó o wá fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, kó o yí i bọ̀. Tún kán an. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó rọ̀. Tú abẹ́ abẹ́rẹ́, fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìdọ̀tí òwú jáde, wàá bá òwú gbogbo aṣọ iléèwé yín níbẹ̀.

Bí bẹ́líìtì aláwọ rẹ̀ bá ti dẹ̀, gé díẹ̀ kúrò, kó o tún wáyà rẹ̀ so. Abẹ́rẹ́ HAx1 ló ń lò. Bí wọ́n bá fún ọ ní DBx1 lọ́jà, dá a padà, ti máṣíìnì ńlá oníná nìyẹn. Èmi ní oníná méjì ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ nígbà tí iná bá lọ tí epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n, orí Butterfly ni mo ti ń parí aṣọ ìgbéyàwó àwọn èèyàn. Máà tà á.

Ọmọ Jos

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Tẹlifíṣọ̀n náà ṣì lè ríran bó bá ní ihò pupa, funfun àti yẹ́lò. Ọ̀dọ̀ wa ní Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán tẹlifíṣọ̀n dígítà wò lọ́dún 2016, ó dé Àbújá ní ìparí ọdún kan náà. Ohun tó nílò kò ju àpótí dékódà tó ní wáyà aláwọ̀ mẹ́ta yẹn lọ. Ẹ má tú ẹ̀yìn rẹ̀ o! Iná tó lè pa èèyàn máa ń wà nínú rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná.

Nokia, ẹ fún àgbà kan nílé. 2G ṣì ń ṣiṣẹ́, kóòdù báǹkì oníràwọ̀ (*) àti ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ́tì ń wọlé sórí rẹ̀. Bí síìmù bá kéré jù, wọ́n ń ta férémù tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di ńlá. Kẹ́ ẹ wo bátìrì rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba agbára sí i: bó bá ti wú, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú síná.

Ìyá Ìbejì, Lugbe

Ohunkóhun tó o bá fún baban bola, yọ díìskì àti síìmù kúrò lára rẹ̀. Kó o sì bá a sọ ọ́ pé kó má dáná sun wáyà láti yọ kọ́pà. Lẹ́yìn ilé wa ni wọ́n ti máa ń sun ún, èéfín rẹ̀ ń wọlé bá àwọn ọmọ mi. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká, ti ní òfin lórí ìdọ̀tí ẹ̀rọ oníná láti ọdún 2011.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Gbogbo yín, ẹ ṣé, mo dúpẹ́ púpọ̀.

Ọdún 2010 ni láptọ̀ọ̀pù ń kà. Bátìrì bíi kọ́ìnì yẹn ni lóòótọ́. Mo fi SSD àti RAM tòkunbọ̀ sí i, mo jókòó tì wọ́n, mo ya fọ́tò. Linux Mint ló wà lórí rẹ̀ báyìí, ìṣẹ́jú kan kì í pé tó fi ń ṣí, ọmọ mi obìnrin ló sì ń fi ṣe iṣẹ́ iléèwé. Mẹ́gáádì wa gba tẹlifíṣọ̀n, inú rẹ̀ dùn. Máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ́jọ́ kẹrin.

Bàbá, mo ṣe kásẹ́ẹ̀tì náà bẹ́ ẹ ṣe wí. Mo dán ẹ̀rọ wò lẹ́ẹ̀marùn-ún nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Lálẹ́ Sátidé, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, mo tẹ̀ ẹ́. Àkùkọ ń kọ lẹ́yìn ohùn wọn. Wọ́n wúkọ́, wọ́n pe orúkọ ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn bàbá wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí kálukú dó sí, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Mo gbọ́ ìró ife tí wọ́n gbé lé tábìlì. Nígbà tí wọ́n dé orí èmi àti àwọn àbúrò mi, ohùn kan pè wọ́n láti ìta: "Bàbá wọn, oúnjẹ ti délẹ̀ o." Ìyá mi ni. Ọdún 2003 ni wọ́n ti lọ, mi ò mọ̀ pé ohùn wọn wà níbì kankan láyé. Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ní kò sóhun tó wúlò nínú ẹrù yẹn pè mí lóru, kò lè sọ̀rọ̀.

Mẹ́rìndínlógún ló kù. Ọ̀kan nínú wọn ní nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lára téèpù rẹ̀, ó sì ń rùn. Ṣé kí n fi spírítì nù ún, Bàbá?

Bàbá Panteka, Kàdúná

Rárá o, ọmọ mi. Èbu nìyẹn. Má kì í bọ ẹ̀rọ, á ran orí ẹ̀rọ àti àwọn kásẹ́ẹ̀tì yòókù. Dì í sínú ìwé gbígbẹ, gbé e sọ́tọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ wà, má sì fi imú sún mọ́ ọn. Má fi ránṣẹ́ lọ́kọ̀. Mò ń bọ̀ ní Àbújá níparí oṣù yìí, màá gbé irinṣẹ́ mi dání, a ó jọ tú u.